Ọ̀dọ̀ àwọn onípákó àlòkù ní Ṣàgámù: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rà fún ilé adìẹ àtohun tẹ́ ò gbọdọ̀ gbé wálé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ilé adìẹ sẹ́yìnkùlé lówó pọ́ọ́kú ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú, ibi tí mo ti kó ẹrù tèmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ dáa, mo ṣì máa padà lọ, mo sì ti júwe ẹ̀ fáwọn aládùúgbò mi níbí ní Ìkẹ́nnẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ ló yẹ kéèyàn gbé wálé, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ká ní wọ́n tiẹ̀ fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Wọn ò kọ bọ́ọ̀dù. Inú Ṣàgámù ni, lápá ọ̀nà tó lọ sí Íńtáṣéńjì, wọ́n fi páànù gbá a yí ká, ẹ máa rí ilẹ̀kùn àti fèrèsé àtijọ́ tí wọ́n gbé ti ara wọn níwájú ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti sọ fún ọlọ́kadà pé ọ̀dọ̀ Bàbá Onípákó lẹ̀ ń lọ, kò ní bi yín ní nǹkan míì. Iṣẹ́ wọn ni pé tí wọ́n bá ń wó ilé àtijọ́ níbikíbi, ní Ṣàgámù níbẹ̀ ni o, ní Ìjẹ̀bú-Òde ni o, Òdógbólú, títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n á lọ ra igi àjà ẹ̀, páànù ẹ̀, ilẹ̀kùn, fèrèsé, irin, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ wá. Wọ́n tún ń ra pálẹ́ẹ̀tì, àwọn pákó tí wọ́n máa ń gbé ẹrù lé láwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, iléeṣẹ́ sì pọ̀ lápá Íńtáṣéńjì yẹn, torí náà pálẹ́ẹ̀tì kì í tán níbẹ̀.

Igi wọn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀. Àwọn tó kọ́lé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú láyé ọjọ́un ò fi igi ṣeré rárá, ìrókò, apá, ìdígbò ni wọ́n ń lò, igi tó sì ti wà lábẹ́ òrùlé látìgbà tí wọn ò tíì bí wa, ó ti gbẹ débi pé kò sí bí oòrùn ṣe fẹ́ pa á tó máa tún wọ́. Ẹ wá wo pákó tuntun tí wọ́n ń tà ní sọ́míìlì báyìí. Tútù ni wọ́n ń la ọ̀pọ̀ ẹ̀, omi ṣì wà lára ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ rà á, ẹ kàn án mọ́ra tán ó gún régé, tó bá wá gbẹ lójú oòrùn ó ti ń yí, ilẹ̀kùn ò ní padé mọ́, àlàfo á ti yọ nígun ògiri, ibẹ̀ leku máa gbà wọlé. Mẹ̀láínà náà sì ti pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa, igi tí wọ́n gbìn rẹpẹtẹ sínú igbó Ọmọ, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní J4, nítorí iléeṣẹ́ bébà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìwópin. Kì í ṣe igi burúkú o, ó fúyẹ́, ìṣó ń wọ̀ ọ́ láìlà, mo tiẹ̀ lò ó níbi tí adìẹ ń sùn lé. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rì í mọ́lẹ̀ níbi tí ikán wà, kò ní bá yín kalẹ́.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé bàbá yẹn máa ń sọ òótọ́ nípa ọjà ẹ̀. Mo ti fa igi kan yọ, ó gùn, ó wuyì lójú, mo ní èyí tí mo máa fi ṣe ẹsẹ̀ nìyí. Bàbá wò mí látibi tó jókòó sí, ó ní, "Ìyàwó, gbé ìyẹn sílẹ̀, ikán ti jẹ inú ẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ara ẹ̀ mà dán o."

Kò dá mi lóhùn. Ó mú òòlù, ó gbá a lórí, ó dún bọ́ọ́, ó tún gbá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyẹn dún kó. Ó wá ní, "O gbọ́ ọ? Èyí tó bá dún kó, inú ẹ̀ pé. Èyí tó bá dún bọ́ọ́, ilé ikán ni." Ó tún ní kí n máa wo ìpẹ̀kun igi méjèèjì, torí ibẹ̀ ló máa ń wọnú ògiri nígbà tó wà lára ilé, ibẹ̀ lòjò ti ń mu ún, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ jẹrà, kí n fi èékánná tẹ̀ ẹ́, tí èékánná bá wọlé, kí n ní kí wọ́n gé ibẹ̀ sọ nù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n fún mi. Òun ló tún ní kí n wo ilẹ̀ abẹ́ igi, tí mo bá rí ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ níbẹ̀, kòkòrò ajẹgi ti wà nínú ẹ̀, tí mo bá gbé e wálé, á ran èyí tó kù. Ẹni tó ń tajà tó ń kọ́ ẹ bó o ṣe máa mọ èyí tí kò dáa nínú ọjà ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n. Títí dòní mo ṣì ń gbàdúrà fún bàbá yẹn.

Ọ̀rọ̀ pálẹ́ẹ̀tì ló wá kàn. Òun ni mo fi ṣe ògiri ìsàlẹ̀ àti ilẹ̀ ilé náà. ₦4,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é fún mi ẹyọ kan, a ná an títí ó fi dé ₦2,500, ẹ̀yin náà ẹ ná an, wọn kì í bínú. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yí i kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Èyí tó bá ti òkè òkun wá máa ń ní òǹtẹ̀ lára, ẹ máa rí ṣírí ọkà kan tí wọ́n yà pẹ̀lú lẹ́tà IPPC, ẹ máa rí lẹ́tà méjì tó dúró fún orílẹ̀-èdè tó ti wá, lẹ́yìn náà HT tàbí MB. Òfin àgbáyé kan ló mú un wá, ISPM 15 ni wọ́n ń pè é, ọdún 2002 ni wọ́n gbé e jáde, pé kí wọ́n pa kòkòrò inú irú igi bẹ́ẹ̀ kó tó kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì. HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò ẹ̀, wọ́n jẹ́ kí inú igi náà gbóná dé 56 °C fún 30 ìṣẹ́jú, ẹ gbé ìyẹn, kò sí wàhálà. MB, gáàsì olóró tó ń jẹ́ methyl bromide ni wọ́n fín sí i, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ o, adìẹ ò mọ èyí tó yẹ kóun má ṣá jẹ, ẹ̀yin lẹ sì máa jẹ ẹyin ẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn níbí lọ́dọ̀ wa kì í sábà ní òǹtẹ̀ kankan, ìyẹn, imú àti ojú lẹ máa lò. Tẹ́ ẹ bá rí àbàwọ́n lára ẹ̀, tàbí tó ń rùn kẹ́míkà, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ mú òmíì.

Tẹ́ ẹ bá sì gbé e délé, ẹ má fi òòlù lu pákó ẹ̀ yọ, gbogbo ẹ̀ ló máa là. Ẹ ki bẹ́lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń gé irin bọ àárín pákó àti igi ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ gé ìṣó náà níbẹ̀, pákó á bọ́ sílẹ̀ lódindi. Ó gba sùúrù, ọwọ́ á ro yín, ṣùgbọ́n pákó ò ní ṣòfò.

Ó ti tó kí n sọ àwọn ohun tẹ́ ò gbọdọ̀ rà níbẹ̀, ibí yìí sì ni mo ti máa yọ máàkì kúrò fún wọn. Àkọ́kọ́ ni àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ẹ mọ sílíǹgì funfun, tó rí pẹrẹsẹ, tó máa ń wà nínú ilé àtijọ́, àti òrùlé eléérú tó nípọn tó ń fọ́ bí àwo, àwọn náà wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n jọ sí kọ̀rọ̀, ọmọṣẹ́ wọn kan sì fẹ́ fi lé ẹrù mi pé ó máa tutù fún adìẹ ju páànù lọ. Òótọ́ ni pé ó tutù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gé e, tẹ́ ẹ bá kan ìṣó mọ́ ọn, tó bá fọ́, eruku ẹ̀ á wọnú ẹ̀dọ̀fóró yín, kì í jáde mọ́, jẹjẹrẹ ló ń fà, ọdún gbọọrọ lẹ́yìn ẹ̀ ló sì máa ń yọjú. Mo bínú sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, mi ò sì fi pa mọ́ fún wọn, àwọn ọmọ kéékèèké ń ṣiṣẹ́ nínú ibẹ̀ láìfi nǹkan kan bo imú.

Èkejì ni igi tó ní ọ̀dà àtijọ́ lára. Ọ̀dà ayé ọjọ́un, òjé máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀, tó bá ń hó, adìẹ á máa ṣá a, òjé yẹn á sì dé inú ẹyin tẹ́ ẹ fẹ́ dín fáwọn ọmọ yín láàárọ̀. Ẹ má ní ẹ fẹ́ fá a kúrò ní gbígbẹ nítorí eruku ẹ̀ náà ò dáa. Igi tí wọn ò kùn pọ̀ níbẹ̀, ẹ kàn lọ wá ìyẹn.

Ẹ̀kẹta, àgò adìẹ àlòkù. Wọ́n ní í, ó ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń sin adìẹ tẹ́lẹ̀ wá, ó sì pọ́ọ́kú lóòótọ́. Mo béèrè pé kí ló ṣe adìẹ tó wà nínú ẹ̀, wọn ò mọ̀. Ẹ má rà á. Àrùn bíi Marek ń pẹ́ gan-an nínú eruku àti ìyẹ́ tó bá kù síbẹ̀, àwọn kòkòrò pupa wẹ́wẹ́ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ náà sì ń bẹ, inú àlàfo igi ni wọ́n ń sá sí lọ́sàn-án, òru ni wọ́n ń jáde, ẹ ò tiẹ̀ ní rí wọn, ẹ kàn máa rí i pé adìẹ ń rù, orí ẹ̀ ń funfun, kò yé ẹyin mọ́.

Nẹ́ẹ̀tì àlòkù náà, rárá. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí nẹ́ẹ̀tì torí ibẹ̀ làwọn èèyàn wa ti ń pàdánù adìẹ. Nẹ́ẹ̀tì adìẹ tí gbogbo wa mọ̀, tí ojú ẹ̀ ní igun mẹ́fà, Charles Barnard tó ń ṣòwò irin ní Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1844, ẹ̀rọ àwọn tó ń hun aṣọ ló wò tó fi rọ ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó dáa tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ kí adìẹ má jáde lọ jẹ ẹ̀fọ́ aládùúgbò. Àmọ́ kì í dá ohun tó fẹ́ wọlé dúró. Ejò á gba ojú ẹ̀ kọjá, eku á kọjá, ajá tí ebi ń pa á fi ẹnu fà á ya, tó bá sì ti dípẹtà kò tiẹ̀ gba agbára. Èyí tẹ́ ẹ máa rà ni onígun mẹ́rin tí wọ́n jó ojú ẹ̀ pọ̀, hááfù ínṣì, tuntun, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ìṣó àti irin nínú ìlú, wọ́n á gé iye yáàdì tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún yín. Ó wọ́n. Owó tí mo fi ra nẹ́ẹ̀tì yìí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó gbogbo igi mi. Ìdí tí mo fi gbà láti san án ni pé igi ò ná mi ní nǹkan púpọ̀, ibi tí mo ti rí i fi pa mọ́ nìyẹn tí mo fi ná an síbi tó yẹ. Ẹ tún jẹ́ kó wọ ilẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan yí ọgbà tí wọ́n ti ń rìn ká, tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ síta lórí ilẹ̀ kẹ́ ẹ da yẹ̀pẹ̀ bò ó, ohunkóhun tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ wọlé á bá a níbẹ̀.

Nǹkan míì tí mi ò fi àlòkù ṣe ni ìṣó àti ìńjì ilẹ̀kùn. Ìṣó tí wọ́n yọ lára igi tí wọ́n tún nà, orí ẹ̀ á ti ṣẹ́ kẹ́ ẹ tó kàn án tán.

Ilẹ̀ pupa tí a wà lórí ẹ̀ yìí, ikán ló ni ín, ẹ̀yin náà mọ̀. Mi ò ri igi kankan mọ́lẹ̀. Bulọ́ọ̀kù tó ti fọ́ sí méjì pọ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, ẹ tọrọ ẹ̀, wọ́n á fún yín. Orí bulọ́ọ̀kù ni mo gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé, mo wá gé páànù àlòkù sí kékeré sáàárín igi àti bulọ́ọ̀kù, mo jẹ́ kó yọ jáde níbi gbogbo, mo tẹ etí ẹ̀ wálẹ̀. Ikán ò lè gba inú páànù kọjá, bó bá fẹ́ gun òkè, ó di dandan kó kọ́ ọ̀nà erùpẹ̀ ẹ̀ gba ẹ̀yìn etí yẹn, ojú yín á rí i, ẹ ó sì fi ìgbálẹ̀ gbá a dànù. Mo ní kí mẹkáníìkì fún mi ní ọ́ìlì tó ti dúdú, mo fi kun ẹsẹ̀ náà, àmọ́ apá tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé nìkan, níbi tí ẹnu adìẹ ò dé, mo sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó wọlé. Gíga tí ẹsẹ̀ náà gbé ilé kúrò nílẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀. Nígbà tí ìjàlọ bá tò kọjá, eérú ni mo ń dà yí bulọ́ọ̀kù ká, kí n sì tún un dà tí òjò bá rọ̀.

Ilé fúnra ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, 6 ní ìbú, adìẹ 12 ló gbà láìfún wọn pọ̀. Ẹ má kó 20 síbẹ̀ torí pé àyè ṣì wà lójú yín, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ara wọn nídìí, tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti yọ lára ọ̀kan, àwọn tó kù ò ní fi í sílẹ̀. Ìhà tó kúrú ni mo kọ sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ má bàa rọ́nà wọlé tààrà, ìhà tó gùn méjèèjì ni atẹ́gùn ń gbà. Ògiri pálẹ́ẹ̀tì ò ga ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, nẹ́ẹ̀tì ló kù lókè. Ilé adìẹ tí wọ́n dí pa, òórùn ìgbẹ́ ẹ̀ á máa ta yín lójú, ojú adìẹ náà ń ta á, ibẹ̀ ni ikọ́ àti ikun imú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Lápá ibi tí òjò ti máa ń fẹ́ wá, mo rán àpò gaàrí pọ̀, mo ká a sókè, tí ojú ọ̀run bá ṣú, mo kàn tú u sílẹ̀.

Páànù wọn ńkọ́? Páànù dáa, ẹ kàn mú èyí tí ìpẹtà ò tíì jẹ ihò sí. Ihò ìṣó àtijọ́ ò ní ṣàìsí, ẹ fi kòtá dí i, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kàn án, orí ibi tó yọ sókè ni kẹ́ ẹ kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Mo jẹ́ kó yọ kọjá ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ yí ká. Páànù máa ń gbóná lọ́sàn-án, imọ̀ ọ̀pẹ ni mo tẹ́ lé e lórí, mo fi igi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ, ọwọ́ mi dé abẹ́ ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ìyàtọ̀ wà gan-an ni.

Nǹkan tí inú mi dùn sí jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo rà lọ́dọ̀ wọn ni fèrèsé kan. Fèrèsé ilé ìdáná àtijọ́ ni, onípákó, ìrókò, wọn ò kùn ún rí, èéfín ló sọ ọ́ di dúdú. ₦6,000 ni mo rà á. Mo fi kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó wà lábẹ́ èéfín wá jáde, ìlà igi náà hàn ketekete, ó yẹ kẹ́ ẹ rí i. Ìkọ́ irin tí alágbẹ̀dẹ fọwọ́ rọ ṣì wà lára ẹ̀, ó wúwo, ojú òòlù ṣì wà lára irin náà, ó sì ń wọ ihò ẹ̀ kó láìsí pé èèyàn ń wá a. Òun ni ilẹ̀kùn ilé adìẹ mi báyìí. Mo ṣì fi àgádágodo kún un o, torí ọwọ́ èèyàn yàtọ̀ sí ti ẹranko.

Wọ́n tún ní dúróọ̀ àtijọ́ tó kúrò lára kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kó wọn dà sílẹ̀ bí ẹni pé wọn ò wúlò, ìtẹ́ ẹyin gidi nìyẹn. Èyí tó bá tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó, ẹ mú un, mẹ́ta tó adìẹ 12, torí ìtẹ́ kan á tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n ń lò ó ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé igi tí wọ́n ń sùn lé ga ju ìtẹ́ lọ, torí ibi tó bá ga jù ni adìẹ máa fẹ́ sùn, bí ìtẹ́ bá ga jù, inú ẹ̀ ni wọ́n máa sùn tí wọ́n á sì ya ìgbẹ́ sórí ẹyin. Igi ìsùn, ẹ fún adìẹ kọ̀ọ̀kan ní ínṣì 8 sí 10, ẹ fá etí igi náà kó rọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀, mo da pákó tí ẹ̀rọ fá jáde ní sọ́míìlì sí i, èyí tó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó dáa ju ìyẹ̀fun ẹ̀ lọ torí eruku ẹ̀ kéré, ó nípọn tó ínṣì mẹ́rin. Ibi tó bá ti tutù ni kẹ́ ẹ tètè kó dànù.

Ọ̀rọ̀ gbígbé ẹrù wálé ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní ọ̀sán ni ọkọ̀ wọn máa dé Ìkẹ́nnẹ́, òru ló dé, káfíńtà mi ti jókòó títí ó ti bá tirẹ̀ lọ, mo sì ṣì san owó ọjọ́ yẹn fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo yẹ ẹrù wò, igi méjì nínú ẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo yà sọ́tọ̀, ọ̀kan dún bọ́ọ́. Mo pe bàbá lórí fóònù, kò jiyàn, ó ní kí n máa bínú, ó sì fi òmíì ránṣẹ́, èyí tó dáa ju tàkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá yẹ ẹrù ẹ̀ wò á ti kàn án mọ́lé. Torí náà, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì dání, ẹ sàmì sí igi kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ti sanwó ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì lè rí ọlọ́kọ̀ tiyín, ẹ jẹ́ kó gbé e níṣojú yín. Ìṣó náà, wọn kì í yọ ọ́ kúrò lára igi, wọ́n á ní àwọn ti yọ ọ́, irọ́ ni, ó kún ibẹ̀. Ìṣó tó bá kù sínú ilé á gún adìẹ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, kò ní lè rìn. Ẹ fọwọ́ pa igi kọ̀ọ̀kan látòkè délẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó gé e, torí ìṣó tó bá bọ́ sẹ́nu ayùn, ayùn náà ti bà jẹ́ nìyẹn.

Wọn kì í fún èèyàn ní rìsíìtì àyàfi tẹ́ ẹ bá béèrè. Wọ́n ń gba tíráńsífà. Igi wọn wà níta gbangba, wọn ò bò ó, nítorí náà lásìkò òjò ó máa ń tutù, ó máa ń wúwo, ibẹ̀ sì máa ń di ẹrẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ tí bàbá fúnra ẹ̀ bá wà níbẹ̀, torí àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ ò mọ igi bíi tiẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ tà ni. Ẹ wọ bàtà tí ìṣó ò lè gún wọlé, ẹ mú téèpù tiyín lọ, kẹ́ ẹ sì ti kọ gígùn igi kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ fẹ́ sílẹ̀ látilé, torí tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ rí gbogbo nǹkan yẹn, ẹ máa fẹ́ gbé ohun tẹ́ ò nílò. Fún igi, páànù, fèrèsé àti dúróọ̀, máàkì 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Fún ọkọ̀ wọn, 2.